Ààtàn Onitsha àti Ọ̀rá Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilẹ̀kílẹ̀ ni ààtàn ń gbà. Ọ̀rọ̀ ìfaradà ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ nínú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí elégédé tàbí tòmátì tí ó lalẹ̀ hù lórí ààtàn, tí ó sì so ju èyí tí a fọwọ́ gbìn lọ? Ìtàn ohun tí a ń gbá dànù yìí ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀, ìlú Onitsha ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Onitsha kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, dá iṣẹ́ ìhìnrere àwọn CMS sílẹ̀ níbẹ̀, ní bèbè odò Ọya, tí ó sì fi í sí ìkáwọ́ John Christopher Taylor, ẹni tí a bí ní Sàró ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Láyé àtijọ́, oríṣi oko méjì ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò ń dá. Oko ẹgàn ni èkíní. Bí ó bá ti dá a fún ìgbà díẹ̀, yóò fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó sinmi. Oko etílé ni èkejì, èyí kì í sinmi rárá. Eérú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ewé gbígbẹ ni wọ́n ń dà sí i, ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti ẹ̀fọ́ fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìnkùlé àwọn baba tiwa náà rí.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1922 títí di 1951 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò lórí ọ̀rá ilẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí ó gbin ìbátan wèrèpè kan, kí ó sì ro ó mọ́ ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, a kì í sì í jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ètò Operation Feed the Nation dé ní 1976, tí ìjọba sì ń ta ajílẹ̀ òyìnbó ní ẹ̀dínwó. Ajílẹ̀ yìí wúlò púpọ̀. Ó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè sọ ilẹ̀ di ilẹ̀dú.

Láàárín àkókò yìí, Onitsha di ìlú ọjà ńlá. Oúnjẹ ń ti oko wọ ìlú, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò padà sí oko mọ́. Ní ọdún 2016, àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ekuru inú afẹ́fẹ́ Onitsha ga ju ti gbogbo ìlú yòókù tí wọ́n ní ìṣirò rẹ̀ lọ: máíkírógíráàmù 594 nínú mítà kúbíìkì kan. Sísun pàǹtí wà lára àwọn ohun tí a kà sí okùnfà rẹ̀. Ohun tí ì bá jẹ́ ọ̀rá ilẹ̀ ti di èéfín.

Ní òkè òkun lónìí, àwọn àgbẹ̀ kan ń gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí lọ́wọ́ àwọn ilé kọfí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á sídìí irúgbìn ní tútù, ó lè dá a dúró. A ní láti pò ó mọ́ ewé àti ìgbẹ́ ẹran kí ó kọ́kọ́ jẹrà. Kọfí tí ọ̀pọ̀ wa ń mu níhìn-ín a máa yòrò tán sínú omi, kì í ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní èèrí ògì, a ní èèpo iṣu, a sì ní èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú. Òfin kan náà ni: ohun tí ó ti inú ilẹ̀ wá ni kí ó padà sí ilẹ̀.

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, àràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń gbá ewé jọ tí a sì ń sun ún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ oko ilé-ìwé náà ti ṣá. Èmi pẹ̀lú ṣáná sí i, n kò ronú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra àtidi olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìn kíláàsì wa, kí a sì fi ìṣáná pa mọ́.