Iṣẹ́ Abẹ Ọmọ Tuntun, láti Kano dé Abuja

Ní ọdún 1953, wọ́n gbé ìbejì kan tó lẹ̀ mọ́ra láti Kano lọ sí London. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Aird àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Hammersmith ló fi iṣẹ́ abẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan kú, èkejì yè. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn kò tíì ṣílẹ̀kùn nígbà náà. Ọdún 1957 ló tó ṣí.

Ọdún 2019 ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kan Abuja. Ní oṣù August, wọ́n bí ìbejì obìnrin ní Keffi, nítòsí olú ìlú. Àyà àti ikùn ni wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra, ara ikùn wọn kò sì pa dé níbi ìdodo. Inú oṣù November ni National Hospital tó gbé wọn wọ tíátà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Ameh ló ṣáájú, èèyàn 78 ló lọ́wọ́ sí i, wákàtí 13 sì ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ méjèèjì yè. Ẹni tí iye èèyàn yẹn bá yà lẹ́nu, kó rántí pé gbàrà tí abẹ bá ti yà wọ́n, ibùsùn di méjì, ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí di méjì, àwọn tó ń ṣọ́ oorun wọn náà sì di ọ̀wọ́ méjì.

Ilé ìwòsàn yìí, tìtorí obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ṣí i ní May 1999. Ní ọdún 2000 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, tó di ti tẹrú-tọmọ. Ameh fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Zaria kó tó dé Abuja, ó sì wà lára àwọn tó ṣe àkójọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ abẹ ọmọdé fún ilẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2010. Ṣáájú wọn, Festus Nwako ti fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí lélẹ̀ ní Enugu.

Ṣùgbọ́n ìbejì tó lẹ̀ mọ́ra kò wọ́pọ̀. Ọmọ tí a bí láìní ihò ìdí ló wọ́pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, bíi ẹyọ kan nínú 5,000. Kí agbẹ̀bí ṣí ẹsẹ̀ ọmọ, kó wo ìdí rẹ̀ dáadáa ní wákàtí àkọ́kọ́, ó ti rí i. Bí kò bá wò ó, ikùn ọmọ á wú, á máa bì, ìfun sì lè bẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fa ìfun yọ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn kí ọmọ lè máa yàgbẹ́, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á ṣe ihò ìdí gan-an, ní ọ̀nà tí Alberto Peña àti Pieter deVries là sílẹ̀ ní Mexico ní 1980.

Àléébù mìíràn fara pamọ́. Ojú tó rí ọmọ oníka mẹ́fà tó fi sọ ọ́ ní Olúgbódi kò lè rí ọ̀nà ọ̀fun tó gé sí méjì nínú àyà. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ, àti ọmú tó ń pa á lórí, ló ń tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu rẹ̀. Bí rọ́bà bá kọ̀ tí kò dé ikùn, X-ray á fi hàn níbi tó ká jọ sí. Ọdún 1941 ni Cameron Haight ní Michigan kọ́kọ́ so irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ọmọ sì yè.

Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2021, láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74, tẹ̀ lé irú àléébù ikùn àti ìfun méje. Ní ilẹ̀ olówó, ọmọ tó kú kò tó 6 nínú 100. Ní ilẹ̀ tí kò là tí kò ṣagbe, ó tó 20. Ní ilẹ̀ tálákà, ó súnmọ́ 40. Fún ọmọ tí ìfun rẹ̀ tú síta láìsí ohun tó bò ó, ìdá 90 ló ń kú ní ilẹ̀ tálákà, nígbà tí ti ilẹ̀ olówó kò pé 2. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí àléébù kan náà ni.

Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 sì fi hàn pé ìdá 39 péré nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Ètò tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ láti 2019 sí 2023 fi ti ọmọdé kún un, mo sì gbà pé ó tọ́ gan-an. Síbẹ̀, ní May 2023, ìlú Riyadh ni wọ́n ti ya ìbejì kan láti Kaduna sọ́tọ̀.

Fún ọmọ tí wọ́n bí ní Abaji tàbí Kwali, ní agbègbè olú ìlú, tí ìfun rẹ̀ wà níta, ọ̀nà tó jìn jù ni èyí tó wà láàárín ibi ìkúnlẹ̀ àti Abuja. Kí wọ́n fi ọ̀rá mímọ́ wé ìfun náà kó má gbẹ, kí wọ́n gbé e síbi ooru ìyá rẹ̀, kí wọ́n má fún un lọ́mú, kí wọ́n fi rọ́bà fa ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ jáde bí nọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.