Àwọn Awakùsà tí ó Sọ Enugu di Ìlú

Kì í ṣe ọba ni ó tẹ Enugu dó. Èédú ni ó pe àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀. Ní ọdún 1909 ni a rí èédú nínú òkè Udi. Ní 1915 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn abúlé ìtòsí, láti Onitsha àti Owerri, ni àwọn ọkùnrin ti wá wọ inú òkùnkùn ilẹ̀. Èédú tí wọ́n wà ni ọkọ̀ ojú-irin fi ń rìn; ibùdó wọn, Coal Camp, sì di àdúgbò ńlá.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949, nígbà tí wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa 21 nínú wọn ní Iva Valley. Ikú náà mú kí ìjà òmìnira gbóná sí i. Gbèsè ọlá ni Nàìjíríà jẹ wọ́n.