Foccart àti àwọn èèyàn rẹ̀: àwọn tó darí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ní Faransé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ “Françafrique” lórí rédíò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká ṣàlàyé rẹ̀, ó máa ń ṣòro. Ẹ jẹ́ ká gbà á láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan: Jacques Foccart.

Ta ni Foccart?

Ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Faransé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó di ọmọlẹ́yìn Ọ̀gágun de Gaulle nínú ẹgbẹ́ RPF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Òṣèlú apá ọ̀tún ni wọ́n. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kí Faransé máa jẹ́ orílẹ̀-èdè ńlá, kí Áfíríkà má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1960, ọdún tí Tógò àti Dahomey (Bẹ̀nẹ̀ òde òní) gba òmìnira, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àgbà ní Élysée. Kì í ṣe mínísítà, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò fún un. Ààrẹ ló ń jábọ̀ fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àwọn aṣojú ìjọba, ológun, amí, oníṣòwò, àti àwọn ààrẹ Áfíríkà fúnra wọn, bíi Houphouët-Boigny, ni wọ́n so pọ̀. Ìpè tẹlifóònù kan lè tó. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Léon M'ba ní Gabon ní oṣù kejì 1964, kò pẹ́ tí ọmọ ogun Faransé fi dá a padà sórí oyè.

Ṣé ó parí?

Yorùbá ní èèyàn laṣọ. Ní 1974, Giscard d'Estaing ti ọ́fíìsì Foccart pa, ṣùgbọ́n René Journiac, igbákejì Foccart, ló gbé ọ̀rọ̀ Áfíríkà lé lọ́wọ́! Nígbà tí apá òsì dé ní 1981, Mitterrand náà ṣì ní ọ́fíìsì Áfíríkà ní Élysée. Chirac pe Foccart padà ní 1986, ó tún pè é ní 1995. Ọdún 1997 ló kú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Irú ìsopọ̀ yìí máa ń yára, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí tẹlifóònù kì í dé iwájú ilé aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ Kétu tàbí Sábẹ̀ ò lè mọ ẹni tí òun máa bi léèrè. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ìjọba méjì fọwọ́ sí ìwé, ká má wo ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan. Ká béèrè pé: àwọn wo ló ti jókòó sọ ọ́ ṣáájú?