Hóró Sitirọ́bẹ́rì àti Ìtàn Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sún mọ́ tòsí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí èso pupa kékeré kan tí a ń pè ní sitirọ́bẹ́rì. Ilẹ̀ tí òtútù wà ni ó fẹ́ràn. Ní Nàìjíríà, àgbègbè Jos, níbi tí ilẹ̀ ga tí atẹ́gùn sì tutù, ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò tilẹ̀ dé Jos rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ lára páálí ohun mímu.

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan mú lọ́wọ́, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ ó rí àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ́n yanmọtí sí i. Wọ́n lè tó 200 lára ẹyọ kan ṣoṣo. Èso mìíràn a máa fi hóró rẹ̀ pamọ́ sínú. Ti sitirọ́bẹ́rì wà níta gbangba. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn sọ fún wa pé àwọn hóró wọ̀nyí gan-an ni èso rẹ̀, àti pé ara pupa tí à ń jẹ yẹn, ìdí òdòdó tí ó wú ni. Ibi tí hóró kò bá ti gbó, ara ibẹ̀ kì í wú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí òmíràn tí apá kan rẹ̀ súnkì.

Ǹjẹ́ a lè gbin àwọn hóró wọ̀nyí sílé kí wọ́n sì hù? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé irú èyí tí a jẹ gẹ́lẹ́ ni yóò hù? Ó tì o. Ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣàlàyé fún yín, nítorí láti inú ìdí yìí kan náà ni sitirọ́bẹ́rì ńlá ti òde òní ti jáde.

Ọ̀nà méjì ni sitirọ́bẹ́rì ń gbà pọ̀ sí i. Èkíní dà bí ti ọ̀dùnkún: ó ń na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀, okùn náà a ta gbòǹgbò, ọmọ a sì yọ níbẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ kò ti yàtọ̀ sí i. Ọ̀nà kejì ni hóró. Kí hóró tó lè gbó, lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú akọ òdòdó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ara abo. Oyin àti kòkòrò ló sábà máa ń gbé e. Àdàlù ni ọmọ inú hóró, kì í sì í jọ ìyá rẹ̀ tán. Ẹ bi àwọn tí ń gbin obì: hóró láti ara igi kan náà lè hù, kí ọ̀kan so rẹpẹtẹ, kí èkejì má so tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sínú ìtàn. Sitirọ́bẹ́rì inú igbó tí ó wà ní Yúróòpù látijọ́ kéré púpọ̀. Kò ju orí ìka lọ. Ní ọdún 1712, Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé rán ọmọ ogun kan tí ó mọ iṣẹ́ odi kíkọ́, Amédée-François Frézier, lọ sí etíkun ilẹ̀ Chile àti Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ará Sípéènì ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀ nígbà náà. Frézier ṣe bí oníṣòwò, ṣùgbọ́n amí ni. Odi àwọn ará Sípéènì ni ó ń wò, tí ó sì ń ya àwòrán rẹ̀.

Ní ìlú Concepción ní Chile, ojú rẹ̀ bá ohun tí kò tìtorí rẹ̀ lọ. Àwọn Mapuche, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn ará Sípéènì tó dé, ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí èso rẹ̀ tóbi ni wọ́n ń ṣà gbìn, ìran dé ìran, títí ó fi tóbi ju ti ibi gbogbo lọ. Frézier kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà mìíràn ó máa ń tó ẹyin adìyẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ọgbà àwọn ọba Yúróòpù ni sitirọ́bẹ́rì ti kọ́kọ́ di ńlá, ẹ má gbà á gbọ́. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Mapuche ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kò fi orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn sílẹ̀ fún wa.

Frézier gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ìrìn-àjò náà gbà tó oṣù mẹ́fà lójú òkun, omi mímu sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Marseille ní oṣù kẹjọ ọdún 1714, márùn-ún péré ni ó yè. Ó fi méjì nínú wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yọ̀ǹda omi fún wọn nínú ọkọ̀. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ọgbà Ọba ní Paris, ó fi ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì mú ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Wọ́n gbin ín, ó hù, ó na okùn, ó tan òdòdó. Ṣùgbọ́n èso ńlá tí Frézier ròyìn rẹ̀ kò yọjú. Kí ló fà á? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé akọ ìbẹ́pẹ wà, abo sì wà, àti pé abo ni í so. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sitirọ́bẹ́rì ti Chile. Ẹni tí ó bá sì ń yan èyí tí ó so èso ńlá láti gbé relé, abo nìkan ni yóò yàn. Abo ni gbogbo èyí tí Frézier gbé wá. Okùn nína kò sì lè gbà wọ́n, nítorí bí abo kan bá na ẹgbẹ̀rún okùn, ẹgbẹ̀rún abo ni yóò bí.

Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kò sí ẹni tí ó tú àṣírí náà yékéyéké. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó tú u. Antoine Nicolas Duchesne ni orúkọ rẹ̀, ìlú Versailles ni ó ń gbé, níbi tí ààfin ọba wà. Ó ti gbin hóró sitirọ́bẹ́rì inú igbó rí, ó sì rí i tí ọ̀kan hù pẹ̀lú ewé ẹyọ kan, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹlòmíràn ì bá fà á tu. Duchesne tọ́jú rẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ohun tuntun ti ń wá. Lẹ́yìn náà ó ṣàkíyèsí pé sitirọ́bẹ́rì kan wà tí akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí abo, ó sì fi lẹ́búlẹ́bú akọ wọ̀nyí sí òdòdó ti Chile. Ó so! Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1764, ó gbé ìkòkò sitirọ́bẹ́rì Chile tí ó kún fún èso lọ síwájú Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17 nígbà náà. Inú ọba dùn, ó sì ní kí ó kó oríṣiríṣi sitirọ́bẹ́rì jọ sínú ọgbà òun.

Ní 1766, Duchesne tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn sitirọ́bẹ́rì. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé sitirọ́bẹ́rì tuntun kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí ó ti ń hù nínú ọgbà káàkiri, ọmọ àdàlù ni: Chile ni ìyá rẹ̀, sitirọ́bẹ́rì Virginia láti Àríwá Amẹ́ríkà sì ni bàbá. Òótọ́ ni ó sọ. Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé ìdì ohun àjogúnbá mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ó wà nínú àwọn méjèèjì, nígbà tí ti inú igbó Yúróòpù ní méjì péré. Ìdí nìyẹn tí ọmọ àwọn méjèèjì fi lè so, tí hóró rẹ̀ sì lè hù. Ọmọ yìí ni bàbá ńlá sitirọ́bẹ́rì tí a ń tà lọ́jà lónìí.

Láti ìgbà náà ni àwọn olọ́gbà ti ń gbin hóró láti wá èyí tí ó dára jù. Michael Keens, olọ́gbà kan ní Isleworth lẹ́bàá Lọ́ńdọ́nù, gbin hóró láti ara sitirọ́bẹ́rì rẹ̀. Ní 1821, èyí tí ó hù níbẹ̀ tóbi, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹgbẹ́ Olọ́gbà fi ta á lọ́rẹ ife fàdákà. Nígbà tí ó rí èyí tí ó wù ú tán, okùn ni ó wá ń fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ mú èso tí ó pọ́n dáadáa. Ẹ fi ọ̀bẹ bó awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sá a sórí bébà níbòòji. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi ìka ra á, hóró yóò jábọ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí òtútù ni ó ń sọ fún hóró náà pé ìgbà òjò-dídì ti kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná nínú agolo tí ẹ ti lu nídìí. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jí i. Ẹ máa bu omi wọ́n ọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rí ewé. Bí ewé tòótọ́ bá di mẹ́ta, ẹ lọ́ wọn sí ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ tó rí èso, ó lè pé ọdún kan, ní ilẹ̀ gbígbóná sì rèé, ó lè má rọrùn fún un láti so.

Àwọn tí wọ́n bá hù yóò yàtọ̀ síra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè má dùn tó ìyá wọn. Ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ kánjú fà wọ́n tu. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín sílẹ̀, ẹ ka iye tí ó hù, ẹ wo ewé àti òdòdó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ta yọ, okùn rẹ̀ ni kí ẹ máa gbìn láti ọjọ́ náà lọ. Bí àwọn Mapuche ti ṣe é nìyẹn, bí ọmọdé Versailles nì ti ṣe é nìyẹn, kò sì sí ohun tí ó ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú tiwa má lè ṣe é. Ó dìgbà o.