Àgbàrá àti Onílé: Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní Ìlú Douala

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, òwe yìí gba ìbéèrè kan: ta ló fi onílé sí ojú ọ̀nà àgbàrá? Ẹnjiníà tó bá fẹ́ fi ìwádìí ẹ̀kún omi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, kò sì gbọdọ̀ ṣàìmọ ìtàn.

Ẹ̀bá odò Wouri ni Douala wà, níbi tí odò náà ti ń sún mọ́ òkun. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bí mílímítà 3,500 sí 4,000, ó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Omi òkun a sì máa ru wọnú odò náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí òjò ńlá bá ṣe kòńgẹ́ àsìkò yìí, àgbàrá kò ní ríbi gbà, àfi kó padà wọ ilé.

Nítorí náà, orí àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí Jean-Claude Olivry kọ ní ọdún 1986 lórí àwọn odò Kamẹrúùnù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú rẹ̀. Ẹnjiníà a kó iye òjò ọ̀pọ̀ ọdún jọ, a wọn gíga ilẹ̀, a sì ṣírò ibi tí omi lè dé. Bí ó bá dárúkọ ẹ̀kún omi ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í ṣe pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni yóò kọjá kí irú rẹ̀ tó tún dé. Ohun tó ń wí ni pé lọ́dọọdún, ewu rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ilé tí yóò lo 30 ọdún, ewu náà ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò sọ ìdí tí ilé fi wà níbẹ̀. Láti ọdún 1910 ni ìjọba Jámánì ti ń gbèrò láti lé àwọn Duala kúrò lórí òkè Joss lẹ́bàá odò, kí àwọn Òyìnbó lè dá gbé ibẹ̀. Wọ́n fi ibà ṣe àwáwí. Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. New Bell ni wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni àlejò láti ibi gbogbo, títí kan Nàìjíríà, wá kún lẹ́yìn náà. Òfin yẹn kọ́ ló rọ òjò, ṣùgbọ́n ó fi àṣà kan lélẹ̀: alágbára ló ń yan ilẹ̀ gíga. Àwọn tó dé lẹ́yìn kọ́lé sínú àfonífojì àti irà, bíi Bessengue, Mabanda àti Makepe Missoke.

Láàárín ọdún 2010 sí 2020, wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá ńláńlá, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ wọn, wọ́n sì wó ilé tó wà lójú ọ̀nà. Owó gbèsè tí Kamẹrúùnù san fún ilẹ̀ Faransé, tí Faransé sì dá padà, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, omíyalé bo Douala ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ìbàdàn náà mọ irú èyí: wọ́n tẹ́ ojú odò Ògùnpa lẹ́yìn àjálù ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ṣùgbọ́n omi tún pa ènìyàn nílùú kan náà ní ọdún 2011.

Kọnkéré wúlò, kò sì tó. Ẹni tí wọ́n wólé rẹ̀ láìfún un ní ilẹ̀ gíga yóò wá irà mìíràn kọ́lé sí. Bí àwòrán ilẹ̀ tí ẹnjiníà ń yà bá fi ibi tí omi ń dé hàn, tí kò sì bèèrè ibi tí onílé yóò lọ, ààbọ̀ iṣẹ́ ni.