Àpótí Tí Qubit Ń Gbé: Iṣẹ́ Irin Tó Yẹ Ìfàkì àti Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà quantum kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ìṣirò, débi pé ènìyàn díẹ̀ ló ń béèrè ibi tí wọ́n ń kó ọkàn ẹ̀rọ náà sí. Inú àpótí irin kékeré ni. Bí àpótí yẹn bá ní àbùkù, ìṣirò tó dára jù lọ kò lè gba ẹ̀rọ náà là.

Qubit ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Èyí tí IBM àti Google ń lò sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 5 GHz. Àpótí náà ní ìró tirẹ̀ bí ìlù: bó bá ṣe kéré tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tó. Àpótí òfìfo tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 yóò kọ́kọ́ ró ní nǹkan bí 4.2 GHz, ó sì lè máa fa agbára qubit mu. Bí wọ́n bá dín in kù sí sẹ̀ǹtímítà 3, ìró yẹn yóò fò dé 7 GHz.

Irú irin náà lọ́rọ̀ nínú. Inú fìríìjì tí òtútù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé −273.15 ní Celsius ni àpótí ń wà. Bàbà ń gbé ooru kúrò dáadáa níbẹ̀. Alumíníọ̀mù tó bá tutù tán ń ta agbára òòfà nù, ṣùgbọ́n ooru kì í gbà á kọjá dáadáa mọ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi àpótí kan sínú èkejì. Ní 2011, àwọn olùwádìí Yale lo ihò inú àpótí alumíníọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ẹ̀rọ gan-an, ẹ̀mí qubit sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

Ọdún 2011 yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Kò pọn dandan kí ẹ̀ka náà dúró de fìríìjì olówó ńlá kó tó kópa nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹ̀rọ tó ń darí qubit wà níta òtútù, nínú àpótí tiwọn, àpótí wọ̀nyí sì ni àwọn wẹ́dà ìlú Ìfàkì ní Èkìtì lè bá ẹ̀ka náà ṣe. Àpótí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mí, kó má gba eruku ọyẹ́, kó má sì jẹ́ kí ìgbì jò. Ìgbì 5 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ihò mìlímítà mélòó kan yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, yóò sì dá ọ̀pọ̀ ìgbì dúró. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló máa ń dalẹ̀ jù, torí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ń jẹ́ kí ìgbì jáde.

Dídán an wò kò sì wọ́n. Wi-Fi 5 GHz sún mọ́ ìgbì qubit. Kí wọ́n gbé ráútà oníbátìrì sínú àpótí náà, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n sì wo fóònù níta: bí àmì Wi-Fi náà bá ṣì lágbára, kí wọ́n tún ojú ìsopọ̀ náà jó.