Òkìtì Iyùn: Orúkọ fún Ohun Tó Wà Lábẹ́ Òkun

Iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn, tí ọba ń so mọ́wọ́, láti Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn oníṣòwò Potogí wà lára àwọn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Egungun ẹran omi ni. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa ni a ti ń fi ṣọ̀ṣọ́ láì rí i níbi tó ti ń dàgbà, nítorí pé iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni etíkun wa láti Àgbádárìgì títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Èyí tó ń kọ́lé ńláńlá lábẹ́ òkun lára àwọn ìbátan rẹ̀ sì fẹ́ omi tó mọ́ gaara, tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí oòrùn ń wọ̀. Bí àwọn baba wa ṣe ní orúkọ fún ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn, tí wọn kò ní orúkọ fún ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ fún mi nígbà tí àwọn kan tó ń bá ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Ring Road n'Ìbàdàn, nítòsí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, ní kí n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan ní Yorùbá. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní Houston ni wọ́n fẹ́ fún. Àwọn ọmọ náà a mú wọn wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní èbúté Galveston, ọkọ̀ a gbé wọn dé erékùṣù Cozumel ní Mẹ́síkò, wọn a sì wọ omi lọ wo iyùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Iyùn ibẹ̀ wà lára èyí tó nà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà dé Honduras. Láti 1996 ni ìjọba Mẹ́síkò ti sọ omi náà di ọgbà ìpamọ́.

Àwọn kan á ní kí a pe ilé tí iyùn ń kọ́ yìí ní àpáta iyùn. N kò gbà. Ìbàdàn mọ àpáta dáadáa: a ń gùn ún, a ń sá láfún lé e. Ẹni tí a bá sọ fún pé àpáta wà lábẹ́ òun, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ ni yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹnì kan lè fọ́ ohun tí iyùn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, iyùn náà a sì ya á lẹ́sẹ̀.

Òkìtì iyùn ni mo mú. Kò sí ọmọ Yorùbá tó rí òkìtì ọ̀gán tí kò mọ̀ pé ohun abẹ̀mí kékeré ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iyùn. Ẹran omi tíntín ni, òmíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹnu kan ṣoṣo, ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí i ká. Láti inú omi òkun ló ti ń ṣe òkúta ẹfun tó fi ń kọ́lé, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì kọ́ tiwọn lé e lórí, ìran dé ìran. Ẹni tó bá gbọ́ òkìtì iyùn yóò mọ̀ pé àwọn onílé wà nínú ilé.

Orúkọ eré inú omi náà gan-an ló le jù. Mòòkùn kò bá a mu: àwọn tó ń wa iyanrìn ní ọ̀sà Èkó ló ń mòòkùn, wọ́n á sé èémí, wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo iyùn lé téńté ni, ó kọjú sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ẹnu mí. Mo gbé orúkọ méjì lọ bá ìyá kan tó ń múra ìrìn-àjò náà, ìlúwẹ̀ẹ́ ìdojúdé àti ìwosàlẹ̀-omi. Kò jẹ́ kí n parí àlàyé ti àkọ́kọ́.

“Òkú ni omi ń gbé ní ìdojúdé, ọmọ mi. Má fi orúkọ yẹn pè mí.”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ìwosàlẹ̀-omi ńkọ́?”

“Ìyẹn dára. Ṣebí wíwò náà ni mo ń lọ wò.”

Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dá irú ẹjọ́ yẹn jù ú lọ, nítorí òun ni yóò wọ omi.

Àwọn ohun èlò kò yọ mí lẹ́nu. Ọ̀pá ìmí ni èyí tí a ń gbé sẹ́nu, awò omi ni ti ojú, bàtà lẹbẹ ni ti ẹsẹ̀. Lẹbẹ ẹja ti wà nínú Bíbélì Yorùbá láti ayé Àjàyí Crowther, níbi òfin ẹja tí a lè jẹ. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ń pè é l'Ékòó nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí a ó fi gba ẹ̀mí là kò sì gbọdọ̀ ṣàjèjì létí. Bí ìṣàn omi bá fẹ́ gbé ènìyàn lọ, “omi ń fà” ni mo kọ, nítorí òun ni ènìyàn lè ké jáde lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nínú ara iyùn ni àwọn ewéko tíntín kan ń gbé. Àwọn ló ń bọ́ ọ, àwọn ló sì fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ rẹ̀. Bí òkun bá gbóná jù, iyùn á lé wọn jáde, á sì funfun báláú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé èyí tún ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀. Mo pè é ní ìṣá iyùn, torí pé gbogbo wa ló mọ aṣọ tó ṣá. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti ṣá kì í padà sí bó ti wà, nítorí náà mo fi gbólóhùn kan sí i: iyùn tó ṣá kò tíì kú, bí omi bá tètè tutù, àwọn ewéko náà lè padà sára rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ tún yọ.